Blower Tó Ń Fẹ́ Ní Nọ́ńbà 4 Nìkan: Ẹ Má Tíì Ra Compressor

 

Ẹni tó bá ti gbé Lokoja rí mọ ohun tí à ń sọ tí a bá ní ìlú yìí gbóná. Òkè Patti wà lẹ́yìn wa, Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé pàdé níwájú wa, ooru sì máa ń há sí àárín. Láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹrin, ọkọ̀ tí ẹ bá gbé sí oòrùn fún wákàtí méjì péré, àga rẹ̀ ò ní ṣeé jókòó sí, steering rẹ̀ ò ní ṣeé dì mú. Ibi tí ọwọ́ gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń lọ ni bọ́tìnnì AC. A yí i sí 1, kò fẹ́. A yí i sí 2, kò fẹ́. Ní 3, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. A wá yí i sí 4, afẹ́fẹ́ tú jáde gbuu bí ìjì!

Alàgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ń gbé ní Adankolo, ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá sọ fún wa. Bí ọkọ̀ tirẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe AC. Ẹni yẹn ní gáàsì ló ti tán. Wọ́n rọ gáàsì, kò yí padà. Ó ní compressor ló kú. Alàgbà wa tún wá owó, wọ́n ra compressor tòkunbọ̀, wọ́n so ó mọ́ ọn, kò yí padà. Ọmọ rewire kan ló wá bá wọn yọ pigeonhole kúrò, ó fa ohun kékeré kan jáde tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, ó fi tuntun sí i. Kò pẹ́ rárá, 1, 2, 3 àti 4 ti ń fẹ́ bó ṣe yẹ. Alàgbà wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí owó ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ni.

Ìdí rèé tí a fi ní ká jókòó kọ èyí. Ẹni tó wà ní ìlú onílùú kì í fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń rẹ́ wa jẹ. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe gan-an ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Tí àwa tá a ni ọkọ̀ bá mọ bí ọkọ̀ ṣe ń pín agbára fún fáànù rẹ̀, a ò ní máa san owó ohun tí kò bàjẹ́.

NǸKAN MÉJÌ NI, KÌ Í ṢE Ẹ̀YỌ KAN

Tí a bá ní “AC mi ò ṣiṣẹ́ mọ́”, a ò tíì sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ ṣe é, torí pé iṣẹ́ méjì ló wà nínú AC. Iṣẹ́ kìn-ín-ní ni kí nǹkan tutù. Compressor tó wà lára ẹ́ńjìnnì, gáàsì tó ń yí ká nínú páìpù, àti ohun kan tó dà bíi rédíétọ̀ kékeré lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń ṣe ìyẹn. Iṣẹ́ kejì ni kí afẹ́fẹ́ gba ara rédíétọ̀ tútù yẹn kọjá kó tó wá bá wa. Blower ló ni iṣẹ́ yìí.

Ẹ rò ó bí ìyá tó ń ta píọ̀ wọ́tà ní gáréèjì. Fíríìjì ló mú omi tutù, ṣùgbọ́n ọmọ tó gbé e sórí ló mú un dé ọwọ́ ẹni tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì. Tí ọmọ yẹn bá sùn lọ, omi lè di yìnyín nínú fíríìjì, òùngbẹ á ṣì máa gbẹ èrò.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ rèé. Ṣé afẹ́fẹ́ ń jáde dáadáa ṣùgbọ́n tí kò tutù? Ẹ wo ọ̀dọ̀ gáàsì àti compressor. Ṣé afẹ́fẹ́ ò jáde rárá, tàbí ó ń jáde ní nọ́ńbà kan tí kò jáde ní òmíràn? Ọ̀dọ̀ blower ni kí ẹ wò. Compressor ò mọ nǹkan kan nípa 1, 2, 3 àti 4.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, blower wà lábẹ́ pigeonhole, níwájú ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà. Fáànù rẹ̀ ò dà bíi ti òrùlé tó ní apá mẹ́ta. Ó rí róbótó bí agbọ̀n kékeré, wọ́n to abẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó ń jẹ iná bátìrì ló ń yí i. Bí iná tó dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré yìí bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa yára tó. Fólítì tó pọ̀, eré púpọ̀. Fólítì tó kéré, eré díẹ̀. Gbogbo ohun tí bọ́tìnnì yín ń ṣe ò ju kó pinnu iye iná tó máa dé ibẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ fáànù yìí ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà ń ta ọkọ̀ tó ní AC ní 1940, bọ́tìnnì fáànù nìkan ni wọ́n ní tí wọ́n lè fi darí rẹ̀. Kò sí ohun tó ń pa compressor. Awakọ̀ tí kò bá fẹ́ òtútù mọ́ ní láti dúró, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó sì yọ bẹ́líìtì compressor kúrò pátápátá. Ẹ ò rí i pé tiwa sàn!

CHECKPOINT MẸ́TA LỌ́NÀ KÁBBÀ

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọkọ̀ tí bọ́tìnnì rẹ̀ ní 1 dé 4, irú èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń wà. Láàárín bátìrì àti blower, wọ́n fi ohun kan sí i tí wọ́n ń pè ní resistor. Wáyà tó lọ́ wínníwínní wà lára rẹ̀, tàbí páálí kékeré kan tí wọ́n tẹ ipa ọ̀nà iná sí lára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó dá iná dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ fi ọ̀nà Lokoja sí Kábbà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ sọ pé checkpoint mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà yẹn. Tí ẹ bá yí bọ́tìnnì sí 1, iná gbọ́dọ̀ gba inú checkpoint mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Ìgbà tó bá máa fi dé ọ̀dọ̀ blower, agbára rẹ̀ ti dín kù gan-an, fáànù á rọra máa yí. Tí ẹ bá yí i sí 2, iná bọ́ sí ọ̀nà tó ní checkpoint méjì. Ní 3, ẹyọ kan ló kù. Ní 4, wọ́n ṣí ọ̀nà tààrà fún iná, kò ba resistor pàdé rárá, gbogbo agbára bátìrì dé ọ̀dọ̀ blower.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí a ń lọ? Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nọ́ńbà 4 ní ọ̀nà tirẹ̀. Tí resistor bá jó, ọ̀nà 1, 2 àti 3 dí, ṣùgbọ́n ọ̀nà 4 ṣì ṣí sílẹ̀. Blower tó ń fẹ́ ní 4 nìkan ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín pé: “Ara mi dá, iná wà, fíúsì wà. Resistor ni kí ẹ lọ wò.” Ohun tí alàgbà wa ò mọ̀ nìyí kó tó ra compressor.

IBO NI IYÓKÙ INÁ Ń LỌ?

Ẹnìkan lè bi wá pé iná tí resistor dá dúró, ibo ló gbà? Ó di ooru. Ẹ̀yin tó ti lo regulator fáànù òrùlé àtijọ́ mọ̀ ọ́n, èyí tó tóbi bíi bíríkì kékeré lára ògiri. Ẹ fọwọ́ kàn án nígbà tí fáànù bá wà ní 1, ẹ ó rí i pé ó gbóná. Nǹkan kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan fún àpẹẹrẹ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wà lórí iná, iná tó ń jáde jẹ́ fólítì 13.5. Ní nọ́ńbà 1, ká ní fólítì 4.5 ló dé ọ̀dọ̀ blower, á jẹ́ pé resistor ti gba 9 mọ́wọ́. Tí ámípù 5 bá ń kọjá, 9 lọ́nà 5 jẹ́ wáàtì 45. Ooru gidi nìyẹn! Ó tó agbára àyọ́n kékeré tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì. Nínú ọkọ̀ yín, ó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń lo nọ́ńbà kékeré.

Báwo ni kò ṣe ń jó ọkọ̀? Àwọn tó ṣe ọkọ̀ lo ọgbọ́n. Inú ihò tí afẹ́fẹ́ blower ń gbà ni wọ́n fi resistor sí, kí afẹ́fẹ́ tó ń lọ bá yín lè máa fẹ́ ẹ tutù. Wọ́n tún fi fíúsì ooru tín-ín-rín kan sára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tí ooru bá kọjá àlà, fíúsì yẹn á já, 1, 2 àti 3 á kú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò ní jó. Ohun tí ẹ kà sí àìṣiṣẹ́, ààbò ló ń ṣe nígbà mìíràn.

ỌKỌ̀ TÍ WỌ́N KỌ “AUTO” SÍ

Ní 1964, Cadillac ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ jáde tí awakọ̀ lè yan bó ṣe fẹ́ kí inú ọkọ̀ tutù tó, kí ẹ̀rọ sì máa ṣe ìyókù fúnra rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọlé ní i. Ẹ ó rí “AUTO” lára bọ́tìnnì, ẹ ó sì máa yan díígírì, bíi 22 tàbí 24, dípò 1 dé 4.

Nínú irú ọkọ̀ yìí, kọ̀ǹpútà kékeré ló ń yan eré blower, bíi brain box tí àwọn mẹkáníìkì máa ń sọ. Ó ní àwọn tó ń jíṣẹ́ fún un. Sẹ́ńsọ̀ kan wà nínú ọkọ̀, lẹ́yìn ihò wínníwínní kan tó sábà máa ń wà nítòsí steering, tó ń sọ bí inú ọkọ̀ ṣe gbóná tó. Òmíràn wà níwájú, lẹ́yìn bọ́ńpà, tó ń sọ bí ìta ṣe rí. Ẹ̀kẹta wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, lábẹ́ gíláàsì, ó dà bí bọ́tìnnì dúdú kékeré. Oòrùn ló ń wò. Ẹ̀kẹrin wà lára rédíétọ̀ tútù yẹn, kó má bàa di yìnyín.

Kọ̀ǹpútà á wá ṣe bí olówò ṣe ń ṣe: á wo iye tí ẹ ní kó jẹ́, á wo iye tó wà nílẹ̀, á wo ìyàtọ̀. Ká ní ẹ fẹ́ 22, ọkọ̀ sì ti wà nínú oòrùn níwájú ọ́fíìsì, inú rẹ̀ ti di 48. Ìyàtọ̀ pọ̀, blower á fẹ́ débi tó lágbára dé. Bó bá di 30, á dín eré kù. Bó bá di 23, á rọra máa fẹ́ bí ẹni ń mí. Ọkọ̀ ò bàjẹ́ o, bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Àwọn kan nínú wa ti gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì torí pé “blower rẹ̀ ń dín agbára kù fúnra rẹ̀”. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Irú ọkọ̀ yìí kì í sábà lo resistor oní-checkpoint. Module kan ló ń lò. Nínú àwọn kan, ohun tí wọ́n ń pè ní transistor ń ṣe bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n ṣí díẹ̀ tàbí púpọ̀; òun náà máa ń gbóná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi irin onílàálàá sí lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àwọn tó túbọ̀ jẹ́ tuntun, module ń tan iná, ó ń pa á, ó ń tan án, ó ń pa á, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ rántí bí ọmọdé ṣe ń ta táyà àlòkù kiri ìgboro. Tó bá ń fi igi lù ú léraléra láìdúró, táyà á sáré. Tó bá ń lù ú kan, tó ń sinmi, tó tún ń lù ú, táyà á rọra máa yí. Kò sí ìgbà tó di táyà mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni module yìí: kò dá iná dúró, ó kàn ń fún un ní ìsinmi. Nítorí náà, ooru tó ń ṣòfò kéré gan-an.

Ibi tí àwa Yorùbá ti ń dá wàhálà sílẹ̀ fúnra wa rèé. A fẹ́ràn kí dáṣíbọ́ọ̀dù wa kún! Rọ́ọ̀gì onírun, fìlà ẹgbẹ́, káńdà ìsìnkú, abẹ̀bẹ̀ ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá bo sẹ́ńsọ̀ oòrùn mọ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé ilẹ̀ ti ṣú. Oòrùn á máa lu yín lórí, blower á máa fẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ kó ẹrù yẹn kúrò ná kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Tí module bá bàjẹ́, àmì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti resistor. Blower lè má ṣiṣẹ́ rárá, tàbí kó máa fẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára láìgbọ́ràn. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ó tiẹ̀ lè máa yí lẹ́yìn tí ẹ ti yọ kọ́kọ́rọ́, tó bá sì di àárọ̀, bátìrì ti kú.

OHUN TÓ Ń BA BLOWER JẸ́ NÍ ÌLÚ WA

Eruku ni olórí wọn. Ọyẹ́ máa ń fẹ́ wá láti òkè, tírélà ń lọ ń bọ̀ lọ́nà Ọbájánà, ojú ọ̀nà àdúgbò wa púpọ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ pupa. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní fílítà tó ń sẹ́ eruku kó tó wọ inú ọkọ̀, ẹ̀yìn pigeonhole ló sábà máa ń wà. Tí fílítà yìí bá dí, ẹ ó gbọ́ ariwo blower, ẹ ò ní rí afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó fẹ́ resistor tutù náà á dín kù, resistor á máa yan ara rẹ̀. Fílítà tí owó rẹ̀ kéré lè pa ohun tí owó rẹ̀ pọ̀. Àwọn mẹkáníìkì míì máa ń yọ fílítà dànù, wọ́n á ní kò wúlò. Ẹ má gbà fún wọn, torí ewé àti eruku á wọlé tààrà.

Ewé ni èkejì. Tí ẹ bá ń gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò tàbí dóńgóyárò, ewé á máa bọ́ sí ìdí gíláàsì iwájú, ibẹ̀ sì ni blower ti ń fa afẹ́fẹ́ ìta. Ewé tó bá wọ inú agbọ̀n fáànù á máa dún “tà-tà-tà”. Eku náà fẹ́ràn ibẹ̀. Ohunkóhun tó bá di fáànù mú ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fa iná ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀kẹta ni omi. A ò lè gbàgbé ìkún omi 2012 àti 2022. Ganaja, Adankolo, ilé àti ọkọ̀ wọ inú omi, ọ̀nà Àbújá sí Lokoja dí. Blower wà nísàlẹ̀, nítòsí ẹsẹ̀. Bí omi bá wọ ọkọ̀, ó wà lára àwọn tó ń tètè rì. Ọkọ̀ tó wọ omi lè máa ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ kí ìpẹtà tó jẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ tẹrí ba wo abẹ́ pigeonhole. Ẹ wo skrúù ibẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà, ẹ gbóòórùn rọ́ọ̀gì ilẹ̀, kí ẹ sì tan blower láti 1 dé 4 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú méjì ni, ó lè gba owó púpọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ọjọ́ orí. Kábọ́nù wà nínú ẹ́ńjìnnì blower tó ń fi ara ra irin tó ń yí. Bó pẹ́ bó yá, á jẹ tán.

BÍ Ẹ ṢE LÈ MỌ ÀÌSÀN RẸ̀ KÍ Ẹ TÓ NÁWÓ

Ẹ tan ọkọ̀, ẹ yí blower láti 1 dé 4, ẹ fetí sílẹ̀.

Tí ó bá fẹ́ ní 4 nìkan: resistor.

Tí nọ́ńbà kan péré láàárín ò bá ṣiṣẹ́: resistor náà ni, tàbí ojú bọ́tìnnì fúnra rẹ̀.

Tí kò bá fẹ́ ní ibì kankan: ẹ kọ́kọ́ wo fíúsì. Tí fíúsì bá dára, ẹ fi ọwọ́ gbá abẹ́ pigeonhole díẹ̀. Bí ó bá ta jí, kábọ́nù ti ń tán lọ, ẹ múra sílẹ̀ fún blower.

Tí ariwo pọ̀ ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ kéré: fílítà tàbí ewé.

Tí afẹ́fẹ́ dára nígbà tí ẹ gbéra, àmọ́ tó ń dín kù bí ẹ ṣe ń rìn jìnnà, tó sì padà wá lẹ́yìn tí ẹ pa AC fún ìgbà díẹ̀: yìnyín ló bo rédíétọ̀ tútù. Èyí gan-an ni ẹni tó ń ṣe AC lè bá yín wò.

Tí ẹ bá ń wa Sienna tó ní AC ẹ̀yìn, ẹ rántí pé blower ti ẹ̀yìn dá dúró. Ti iwájú lè kú kí ti ẹ̀yìn máa fẹ́. Ẹ sọ èyí tó bàjẹ́ fún ẹni tó ń ṣe é.

Ohun kan tún wà: ẹni tó bá pààrọ̀ resistor lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, àìsàn wà níbòmíràn. Bóyá ẹ́ńjìnnì blower ti rẹ̀, tó ń fa ámípù jù. Bóyá sọ́kẹ́ẹ̀tì ti yọ́. Ẹ ní kí rewire fi mítà wọn ámípù tó ń fà, kí ó sì wo sọ́kẹ́ẹ̀tì bóyá rọ́bà rẹ̀ ti dúdú. Resistor tuntun lára sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti yọ́, omi inú agbọ̀n ni.

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Lokoja, Yorùbá, Ẹ̀bìrà, Igálà, Nupe, Haúsá àti Pidgin ló ń dún pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. “Blower” ni gbogbo wọn ń pè é, “resistor” ni gbogbo wọn ń pè é. Tí ẹ bá ní “na only number 4 dey work, abeg check resistor first”, ẹni tó mọ iṣẹ́ á mọ̀ pé ẹ̀yin náà mọ nǹkan kan.

IBI TÍ Ẹ̀MÍ WÀ

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ooru nìkan ni, a lè wá gíláàsì sílẹ̀ ká máa lọ. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tó ju ooru lọ.

Àkọ́kọ́ ni iná. Àwọn kan máa ń fi wáyà so ibi tí fíúsì ooru ti já lára resistor, wọ́n á ní “ó ti ṣiṣẹ́”. Àwọn míì á yọ fíúsì blower, wọ́n á fi èyí tó tóbi jù ú lọ tàbí wáyà lásán sí i. Fíúsì ni olùṣọ́ ilé. Ẹni tó lé olùṣọ́ lọ torí pé ó ń kígbe, kó má sùn wọra. Ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù kún fún rọ́bà, fóòmù àti wáyà. Tí iná bá mú níbẹ̀ nígbà tí ẹ wà lórí eré, ẹ ò ní tètè rí i. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ tú u lónìí.

Èkejì ni òjò. Àwa kan jọ ń bọ̀ láti ilé lọ́dún tó kọjá, a ti kọjá Kábbà, a ń sún mọ́ Ọbájánà, òjò ńlá dé. A pa gíláàsì dé, èémí wa sọ gíláàsì iwájú di funfun báláú. Blower ọkọ̀ náà ti kú láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹni tó ni ín sì ní kò sí ìkánjú, torí pé òjò ti mú kí ojú ọjọ́ tutù. Tírélà ń bọ̀ níwájú, iná rẹ̀ nìkan la rí. Aṣọ ìnura la fi ń nu gíláàsì títí a fi ráyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọlọ́run ló yọ wá.

Blower tó ń fẹ́ sí gíláàsì iwájú, pẹ̀lú AC, ló ń gbẹ ìkùukùu yẹn. Ẹ yí afẹ́fẹ́ sí gíláàsì, ẹ tan AC, ẹ jẹ́ kó máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé, gíláàsì á mọ́ kíá. Nítorí náà, blower kì í ṣe ohun ìgbádùn nìkan. Ó wà lára ohun tí a fi ń ríran lójú ọ̀nà, bíi wiper, bíi iná iwájú. Ẹ má sọ pé ẹ ó tún un ṣe tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé.

Kí ìrìnàjò ìparí ọdún tó dé, tí gbogbo wa á tún máa kó ọmọ kó ẹrù lọ sílé, ẹ bá wa ṣe nǹkan kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ tó gbéra lọ síbi iṣẹ́, ẹ tan ọkọ̀, ẹ yí bọ́tìnnì yẹn: 1, 2, 3, 4. Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ. Tí ọ̀kan bá dákẹ́, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ ó bi, ẹ sì ti mọ ohun tí ẹ ó bi í.

Alàgbà wa ti Adankolo ní ká bá òun kí yín. Ó ní compressor tí òun rà ṣì wà lára ọkọ̀, ó ń tutù dáadáa, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ náà, kò sí ohun tó ṣe é.

Ọ̀nà á là fún gbogbo wa o. Àlọ rere, àbọ̀ rere.